Àgbẹ̀ Kan, Ìlà Méjìlá

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá máa ń pa lẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní Ìkọ̀lé-Èkìtì níhìn-ín ló ti ṣẹlẹ̀, lójú àwa tí a ń ra dátà sórí fóònù, àwọn tó sì wà níbẹ̀ kò tíì rẹ́rìn-ín tán títí di òní.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akínkúnmi Ògúnbọ̀dé. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò kí ẹ pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ọlọ́lá Jù Lọ ni kí ẹ pè é, kí ẹ fi Alàgbà tì í, kí ẹ fi Onímọ̀-Ẹ̀rọ lé e, kí ẹ tó wá dé orí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an: Adelé Alága Àjọ Ètò Àgbẹ̀ Agbègbè Àríwá. Bí wọ́n bá ń ka oyè yìí lóde, ojú Ọlọ́lá á máa dán títí tí wọ́n á fi dé "adelé," ojú náà á sì pọ́n. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni eegun ẹja tó há a lọ́nà ọ̀fun. Láti ìgbà tí alága àná ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ní kó máa dì í mú ná, ó sì ti dì í mú títí apá fi ń ro ó. Ó sọ fún ẹni tó kun pátákó orúkọ ọ́fíìsì pé kó kọ "ALÁGA" gàgàrà, kó kọ "adelé" sísàlẹ̀ tínńtín. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, kó lóṣòó, kó sì fẹ́ eruku kúrò.

Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé nígbà náà ni pé kí ìjọba ní Adó yọ adelé yẹn kúrò. Wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí i pé Akọ̀wé Àgbà, Dókítà Ọmọ́bọ́lá, ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ̀ kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ohun tí màmá náà bá rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Ọlọ́lá á di alága gidi. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe ń rí.

Kí ni Ọlọ́lá wá fẹ́ fi han àlejò? Ṣé oko ni? Ṣé iṣu tó ta ni? Rárá o. Iye ló fẹ́ fi hàn án. Ó ní kí wọ́n ri pátákó oníná kan mọ́ ẹnu géètì, tó ga ju òrùlé ọ́fíìsì lọ. Àwòrán rẹ̀ nínú agbádá ló wà lókè rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo eyín. Lábẹ́ eyín ni wọ́n kọ ọ́ sí: ÀWỌN ÀGBẸ̀ TÍ ỌLỌ́LÁ TI KÓ JỌ. Lábẹ́ ìyẹn ni iye náà wà, tó ń tàn yòò lọ́sàn-án gangan.

Láti ọjọ́ náà ni ìkíni ti yí padà ní ọ́fíìsì yẹn. Ẹni tó bá kí Ọlọ́lá ní "ẹ káàárọ̀, sà" lásán, ó ti fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ṣeré. "Ẹ káàárọ̀, Ọlọ́lá Jù Lọ, a ti pé báyìí báyìí o!" ni kó wí. Iye náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìsinsìnyí. Bí ẹ bá fi iye àná kí i, ó lè má dá yín lóhùn títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó dá àrà yìí sílẹ̀ ni Jacob, ọ̀gá ètò àlejò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Jacob jẹ́ fún yín. Bí Ọlọ́lá bá sín, Jacob ló ń fa imú. Òun ló fi bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ "KÀ" sí sórí fóònù gbogbo òṣìṣẹ́, kí kálukú lè tẹ̀ ẹ́ kó tó wọ yàrá ọ̀gá. Ẹni tó ń gbé fáìlì wọlé á tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń gbé tíì wọlé á tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó kàn fẹ́ gba àyè lọ sí ibi ìsìnkú ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, òun náà á nu omijé nù, á tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n kòmpútà tó ń dá gbogbo wọn lóhùn kì í ṣe ọmọ kékeré mọ́. Inú yàrá tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà, pẹ̀lú fáànù kan tó ń hu bí àgbà tó ní ikọ́. Orúkọ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ àti ìtẹ̀ka rẹ̀. Ibẹ̀ làwọn oníkòmpútà ń pè ní dátábéèsì, SQL sì ni èdè tí wọ́n fi ń bi í ní ìbéèrè. Morìnsọ́lá, ọmọ Ùsì, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó mọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ mú, ó sì ń jẹ gúgúrú láti àárọ̀ dalẹ́ débi pé a máa ń rí i láàárín bọ́tìnnì kòmpútà.

Nígbà tó rí bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń làágùn, ó sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé.

"Ọlọ́lá, ẹ dákun. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ KÀ, ẹ̀rọ ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, ó ń rìn dé ìlà ìkẹyìn. Kò tíì mí, ẹlòmíì á tún tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbẹ̀ tó wà ní wíńdò kò rí ẹni forúkọ wọn sílẹ̀."

"Ṣé ó burú kó tún un kà ni?" Ọlọ́lá bèèrè.

"Ẹ wo àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, sà. Ẹnì kan wọlé, wọ́n fi ọ̀kan kún un. Bí àlùfáà bá bi wọ́n pé mélòó la jẹ́, ṣé wọ́n á ní kí gbogbo ìjọ dìde kí àwọn tún un kà láti bẹ́ǹṣì iwájú? Ẹ jẹ́ kí n fi òǹkà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí a bá gba ẹnì kan wọlé, á fi ọ̀kan kún un. Bí a bá yọ ẹnì kan, á yọ ọ̀kan. Ẹni tó bá tẹ KÀ, iye yẹn ló máa rí, kíá báyìí."

"Òǹkà kékeré," ni Ọlọ́lá wí, ó sì wo ojú gbogbo ilé bóyá àwọn náà gbọ́ ìwọ̀sí yẹn.

"Bí ẹ kò bá fẹ́ ìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa ka atọ́ka. Nọ́ńbà àwọn àgbẹ̀ nìkan ló wà nínú atọ́ka, kò wúwo. Tàbí kẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ń fojú bu iye ìlà tó wà nínú rẹ̀. Kò ní pé géérégé, àmọ́ á sún mọ́ ọn, kò sì ní ná wa ní nǹkan kan."

Ọlọ́lá dìde. Bó ṣe dìde ni gbogbo ilé dìde, Jacob tiẹ̀ ti dìde ṣáájú rẹ̀.

"Ìfojúbù! Èmi, Akínkúnmi, tí mo jókòó sórí àga yìí nítorí ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á wá fojú bu iṣẹ́ mi bí ẹni ń bu gààrí? Ìmẹ́lẹ́ ló ń dà ọ́ láàmú, Morìnsọ́lá. Ẹni tí a kò bá wo ojú rẹ̀, a kò tíì kà á! Láti òní lọ, kí ẹ̀rọ yẹn máa ṣí fọ́tò ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó kà á."

"Fọ́tò, sà?"

"Fọ́tò! Àti ìtẹ̀ka!"

"Ọgbọ́n kò ní tán lọ́dọ̀ yín!" Jacob kígbe, àtẹ́wọ́ sì gba ilé kan.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kòmpútà, mo bẹ̀ yín, ẹ má sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ẹ ronú nípa ẹni tí wọ́n ní kó ka iṣu inú abà, tó wá ń bó èèpo ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó lè sọ pé ó jẹ́ iṣu.

Ìyẹn nìkan kọ́. Iye tí pátákó ń gbé jáde kò tẹ́ Ọlọ́lá lọ́rùn. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún àti díẹ̀ ni gbogbo àgbẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ dé Ìdó. Èmi rò pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ Ọlọ́lá ti gbọ́ pé alága agbègbè kan lápá ìsàlẹ̀ ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, oorun sì ti kúrò lójú rẹ̀.

"Morìnsọ́lá, oko wọn dà nínú iye yìí?"

"Oko wà nínú ìwé onílà tirẹ̀, sà. Ohun tí wọ́n gbìn náà wà nínú tirẹ̀."

"Ta ló tú wọn ká? Ẹ so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ kà á!"

"Bí a bá so ó pọ̀, sà, ẹni tó ní oko méjì á jáde lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá tún gbin nǹkan mẹ́ta sínú ìkọ̀ọ̀kan, á jáde lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìlà lẹ máa kà, ẹ kò ní ka èèyàn. Àfi kí a sọ fún ẹ̀rọ pé kó ka ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ọlọ́lá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí bàbá máa ń rín sí ọmọ tó béèrè ibi tí òṣùpá ń sùn. "Ìwọ wò ó. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ tó tún gbin àgbàdo, ṣé ó wá bá ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ nìkan dọ́gba? Ohun tí èèyàn bá gbìn, ó ní àgbẹ̀ tirẹ̀. Kà á bí mo ṣe wí!"

Morìnsọ́lá ju gúgúrú sẹ́nu, ó lọ kà á bó ṣe wí. Ó ti sọ tiẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ jà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, pátákó gbé iye tuntun jáde: ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ọlọ́lá dúró níwájú rẹ̀ lẹ́bàá títì, ó sì di agbádá rẹ̀ mú nítorí afẹ́fẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ó ń rí i bí wọ́n ṣe ń kun pátákó orúkọ ọ́fíìsì lọ́tun.

Mo gbàgbé láti sọ fún yín pé nǹkan kan ń lọ lẹ́yìn gbogbo èyí o. Ajílẹ̀ ti dé láti Adó. Sítọ́ọ̀ àjọ náà kún dé àjà, àwọn àgbẹ̀ sì ti ń wọ́ bọ̀ pẹ̀lú ọ̀kadà, nítorí àgbàdo ti ń yọ ewé, ajílẹ̀ tí kò bá sì bá àgbàdo ní kékeré, kí ló fẹ́ ṣe fún un mọ́? Wọ́n dé wíńdò. Ẹni tó wà ní wíńdò ń wo kòmpútà rẹ̀, kòmpútà rẹ̀ ń wo kòmpútà àgbà, kòmpútà àgbà sì wà nídìí fọ́tò.

"Ẹ dúró díẹ̀. Ó ń kà."

Wọ́n dúró. Oòrùn pa wọ́n, òjò pa wọ́n, ó ṣì ń kà. Àwọn tó wá láti Ìdó tiẹ̀ sùn mọ́ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí.

Nígbà tí ó wá yí kan pínpín, Ọlọ́lá ní kí wọ́n pín in bó ṣe yẹ láàárín gbogbo àgbẹ̀ tó wà lórí pátákó. Jacob yọ fóònù, ó pín in. Ohun tó kan àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ajílẹ̀ agolo mílíìkì kan.

Ẹ má bi mí bóyá mo gbọ́ dáadáa. Agolo mílíìkì. Wọ́n tiẹ̀ ń fi ọwọ́ nu ojú agolo kó má baà lé téńté.

Obìnrin àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ láti Ìrè, Yẹ́misí Fáwùmí lorúkọ rẹ̀, Màmá Fáwùmí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Opó ni, oko mẹ́ta sì ló ń dá ro. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé bàbá rẹ̀ náà ló ń ṣe é: iṣu lórí ebè, àgbàdo nídìí ebè, ẹ̀gẹ́ létí rẹ̀, gbọ̀rọ̀ sì ń fà káàkiri ilẹ̀ kí koríko má baà ráyè. Ó gba agolo tirẹ̀, ó wò ó, ó gbọ̀n ọ́n wò.

"Ọmọ mi, kí rèé? Èyí ò tó uyọ̀ ọbẹ̀ nínú ulé mi."

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù," ni Jacob dá a lóhùn. "Àwọn àgbà ní bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó."

"Sítọ́ọ̀ yín ńkọ́? Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ó kún."

"Ti àwọn yòókù ni, Màmá. Àwọn yòókù kò tíì wá."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ọlọ́lá ń dúró de àwọn yòókù. Àwọn tó wà láyé ti wá tán, wọ́n ti gba agolo kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n pátákó sọ pé wọ́n kù rẹpẹtẹ, kò sì sí ẹni tó máa pe pátákó Ọlọ́lá ní òpùrọ́. Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ náà wà nínú àpò agbádá rẹ̀, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Àpò ajílẹ̀ ń làágùn, àgbàdo sì ń pọ́n lẹ́wé lóko.

Ọjọ́ tí Akọ̀wé Àgbà máa dé pé. Jacob ti to gbogbo nǹkan. Wọ́n so tápólì, wọ́n to àga, wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ wá jókòó sẹ́yìn kí àlejò lè rí wọn. Àwọn ará Ìrè wá púpọ̀, kì í ṣe nítorí Ọlọ́lá, nítorí ajílẹ̀ ni. Ètò tó dùn mọ́ Jacob nínú jù lọ ni èyí: bí ẹsẹ̀ Akọ̀wé Àgbà bá ti kan ilẹ̀, kí gbogbo òṣìṣẹ́ tẹ KÀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì fi ohùn kan kígbe iye tó bá jáde.

Jíìpù dúró. Obìnrin kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú gíláàsì lójú àti bàtà tí kò ga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀.

Gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbọ́ o, kòmpútà arúgbó yẹn ti fara da ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, àmọ́ ìjọsìn yìí ju agbára rẹ̀ lọ. Fáànù rẹ̀ ké "híín," a gbọ́ ọ láti ìta. Iye orí pátákó pòórá. Àwòrán Ọlọ́lá náà gé láàárín méjì: ojú lọ, iwájú orí lọ, eyín nìkan ló kù. Àwọn òṣìṣẹ́ la ẹnu sílẹ̀ láti kígbe, kò sí iye tí wọ́n máa kígbe, wọ́n sì la ẹnu bẹ́ẹ̀ dúró.

"Ẹ kú ilé o," ni Dókítà Ọmọ́bọ́lá wí.

Ọlọ́lá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń fẹ́ ẹni tó máa dí àlàfo. Ó gba gbohùngbohùn.

"Akọ̀wé Àgbà tó ju gbogbo akọ̀wé lọ! Oòrùn tó là ní Adó tó wá ń ràn ní Ìkọ̀lé! Kí èmi tó dé orí àga yìí, ṣé àgbẹ̀ wà ní agbègbè yìí? Mo ní, ṣé wọ́n wà? Wọ́n ń roko, lóòótọ́. Wọ́n ń jẹun, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kà, ṣé ó wà?"

"Ó wà o!" ni ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn. Jacob wò ó bí ẹni máa jẹ ẹ́.

Ọlọ́lá sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, nípa bí ìyá rẹ̀ ṣe lálàá kí ó tó bí i, nípa ìrìnàjò tó lọ sí òkè òkun níbi tí òyìnbó kan ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tí kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó ń fi igun ojú wo pátákó. Eyín nìkan ló ń rí. Òógùn bò ó lábẹ́ fìlà.

Nígbà tó dákẹ́ láti mí, Akọ̀wé Àgbà bèèrè ohun kékeré kan. "Alága, nínú àwọn ará Ìrè, ẹni mélòó ló ti gba ajílẹ̀?"

Ọlọ́lá yíjú sí Jacob. Jacob yíjú sí Morìnsọ́lá. Morìnsọ́lá ní, "Mi ò lè mọ̀ báyìí, mà. Ó ń kà."

"Kí ló ń kà?"

"Gbogbo ayé, mà. Lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló bi í."

Akọ̀wé Àgbà jókòó, ó ka ọwọ́ lé itan, ó sì dúró de ẹ̀rọ. Kò sí ìyà tó ju kí ọ̀gá jókòó jẹ́ẹ́ lọ. Ọlọ́lá gbà pé ó sàn kó bú òun. Nígbà tó pẹ́ títí, pátákó ṣẹ́jú, ojú Ọlọ́lá padà sórí eyín rẹ̀, iye náà sì jáde: ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba! Àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹnu wọn ti gbẹ kígbe rẹ̀. Ọlọ́lá na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ṣẹ́gun ogun.

"Ó pọ̀ gan-an," ni Dókítà Ọmọ́bọ́lá wí. "Mo fẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn. Ẹ pe orúkọ àwọn ará Ìrè bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ yẹn, kí ẹni tí ẹ bá pè dìde."

Morìnsọ́lá gbé orúkọ náà jáde. Jacob gba gbohùngbohùn, ó tún ohùn ṣe.

"Yẹ́misí Fáwùmí!"

Màmá Fáwùmí dìde. "Èmi rèé."

"Ẹ ǹ lẹ́, Màmá," ni Akọ̀wé Àgbà wí. Màmá jókòó.

"Yẹ́misí Fáwùmí!"

Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹlòmíì tó dìde. Ó dìde. "Èmi rèé." Ó jókòó.

"Yẹ́misí Fáwùmí!"

"Orúkọ yẹn wọ́pọ̀ ní Ìrè, mà," ni Ọlọ́lá sọ kíákíá, ẹ̀rín sì ti ń gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìsinsìnyí ni ohun tí Morìnsọ́lá sọ ní ìpàdé ń padà bọ̀ sí i létí, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì dà bíi kó sáré gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Jacob. Jacob kò rí i. Ohùn ara rẹ̀ ti dùn mọ́ ọn létí, kò sì ka ohun tó ń kà sí. Bó ṣe ń pè ni Màmá ń dìde, bí Màmá ṣe ń jókòó ni Jacob tún ń pè. Ẹ̀rín ti ń bú láti ẹ̀yìn, àwọn ará Ìrè ti ń bá a kà á sókè: ẹẹ́rin! aárùn-ún! ẹẹ́fà! Nígbà tó yá, Màmá di ẹ̀yìn àga mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kúkú dúró. Ìbàdí mi ò gbà á mọ́."

"Màmá," ni Akọ̀wé Àgbà bèèrè, "ẹ̀yin mélòó ni?"

"Èmi kan náà ni, ọmọ mi. Ìyá mi ò bí ìbejì."

"Kí lẹ gbìn?"

"Oko mẹ́ta ni mo ní. Uṣu wà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, àgbàdo, gbọ̀rọ̀. Nínú oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Àlejò kò nílò kòmpútà fún èyí: oko mẹ́ta, ohun mẹ́rin, ìlà méjìlá. Ó yíjú sí Morìnsọ́lá. "Ṣé èèyàn lẹ kà?"

"Rárá, mà. Ohun tí wọ́n gbìn la kà. Mo lè ka èèyàn o. Wọ́n ní kí n má kà á ni."

"Ó dáa, kà á."

Morìnsọ́lá dá gbogbo KÀ dúró, ó ní kí ẹ̀rọ fi fọ́tò sílẹ̀, kó fi oko sílẹ̀, kó ka atọ́ka nọ́ńbà àwọn àgbẹ̀ nìkan. Akọ̀wé Àgbà kò tíì nu gíláàsì rẹ̀ tán tí pátákó fi yí padà. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún àti díẹ̀. Fáànù arúgbó náà tiẹ̀ rọlẹ̀, ó ń mí jẹ́jẹ́.

Akọ̀wé Àgbà wo iye náà, ó sì yíjú sí Ọlọ́lá.

"Alága, ajílẹ̀ yòókù dà?"

"Ó wà ní sítọ́ọ̀, mà. Kò dín rárá," ni Ọlọ́lá wí. Òótọ́ ni, òótọ́ yẹn ló sì pa á. "A ń dúró de àwọn yòókù."

"Àwọn yòókù wo?"

Màmá Fáwùmí, tó ṣì wà lórí ìdúró, ló gbà á dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò le, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ.

"Àwa náà ni àwọn yòókù. Àwa náà la jókòó síbí yìí láti ìgbà tí àgbàdo ti hù. Àgbàdo mi ti pọ́n, ọmọ mi. Ẹni tí ẹ ń dúró dè ń dúró dè yín."

Ẹ̀rín tán lójijì. Ẹnì kan sunkún. Mo rántí pé ọkùnrin ni, ará Ìdó, tí oko rẹ̀ ti rọ tán, kò sì bo ojú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ dìde lápapọ̀, kò sí ẹni tó pe orúkọ wọn. Akọ̀wé Àgbà na ọwọ́ sí Ọlọ́lá, ó la àtẹ́lẹwọ́. Ọlọ́lá wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ó fẹ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tó yé e, ó ti ọwọ́ bọ àpò agbádá, àpò náà sì jìn, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀ títí ojú fi tì wá fún un. Ó mú un jáde.

Wọ́n ṣí sítọ́ọ̀. Àpò ni wọ́n ń gbé báyìí, agolo kọ́. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní títì wá ń bá wọn dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, òjò sì ti ń ṣú lápá Ọ̀yẹ́.

Dókítà Ọmọ́bọ́lá kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ ti ń bẹ Adó pé ká yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú oyè yín. A ti gbọ́. Gbogbo rẹ̀ la máa yọ."

Ọlọ́lá wo ẹ̀yìn kí Jacob lè gbè é, bó ṣe máa ń gbè é. Jacob kò sí níbẹ̀. Ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù àlejò, ó ti ṣílẹ̀kùn, ó sì ń sọ fún Akọ̀wé Àgbà pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọ̀rọ̀ iye yìí ti ń dun òun. Àwọn àgbà kò parọ́: ṣàṣà èèyàn ní í fẹ́ni lẹ́yìn, tajá-tẹran ní í fẹ́ni lójú ẹni. Akọ̀wé Àgbà ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kí Ọlọ́lá lárààárọ̀ ń bá àwọn àgbẹ̀ ru àpò, kò sì sí èyí tó gbójú sókè. Dírẹ́bà Ọlọ́lá ní ọkọ̀ ìjọba ni, wọ́n ní kóun fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Akínkúnmi Ògúnbọ̀dé ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní géètì, tó dúró ní ìkóríta tó lọ sílé rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń dúró bóyá ẹnì kan á tẹ̀lé e. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sílẹ̀. Ọlọ́kadà kan dúró, ọmọdékùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Bàbá, ẹ̀yin mélòó ni?"

Ó bojú wẹ̀yìn. Títì gbọọrọ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òjò.

"Èmi nìkan," ló wí.

"Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ ká agbádá yín mọ́ra o, kó má lọ kọ́ ṣéènì."